Imú Mi Ni Mo Fi Ṣiṣẹ́ fún Kọ́ńpìnì

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa ní Alájò ló ní kí èmi náà wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jáde ilé-ìwé, wọn ò sì mọ ibi tí wọn yóò forí lé. Wọ́n ti pe télọ̀ kan, wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì kan. Ó wá kan èmi Sàlámátù, ìyá arúgbó tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ọṣẹ, ìpara, ọṣẹ ìfọyín àti bọ́tà. Mo kọ́kọ́ ní n ò wá. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ kàn sọ ohun tójú yín rí." Mo ní kì í ṣe ojú mi ló rí i, imú mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ìlú Accra yìí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, ìyá mi sì ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì lọ́jà Odawna. Èmi àti àbúrò mi, Ṣẹ̀rífátù, la jọ ń bá a pàtẹ. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò fẹ́ kí àwa méjèèjì gbó sídìí àtẹ. Ó ní ọ̀kan nínú wa gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ olówó oṣù, iṣẹ́ tí òjò kì í lé èèyàn nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ náà, tí kò jìnnà sí Odawna, títí wọ́n fi gbà mí pé kí n máa fi bébà di ọṣẹ. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀, Kọ́ńpìnì la máa ń pè é, bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Owó tí wọ́n ń san kò ju kí ebi má pa wá kú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bí mo ṣe kúrò nídìí dídi ọṣẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n to àwa ọmọbìnrin, wọ́n ń gbé ìgò kéékèèké sí wa nímú, wọ́n ní kí á sọ èyí tí òórùn wọn bára mu. Àwa méjì péré la yege. Èkejì wà nínú oyún, wọ́n sì ní oyún máa ń yí imú padà. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Mista Látè nìyẹn.

Ará Gà ni Mista Látè, ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló ń gbóòórùn gbogbo ohun tó ń jáde ní Kọ́ńpìnì. Epo kí wọ́n tó sè é, lọ́fínńdà tó ń ti òkè òkun bọ̀ nínú páànù, ọṣẹ kí wọ́n tó dì í, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá mi orí pé ó tì, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, kódà bí mánéjà bá ń fọwọ́ lu tábìlì. Yàrá rẹ̀ kò ní kọ́tìnnì, nítorí aṣọ máa ń di òórùn mú. Pẹpẹ ló wà lára ògiri láti òkè dé ilẹ̀, ìgò dúdú ló sì kún orí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, kò kí mi. Ó pè mí bí àwọn Gà ṣe ń pe àwa Yorùbá, ó ní, "Ọmọ Aláàtá, kí lo jẹ láàárọ̀?"

Mo ní, "Kẹ́ńkẹ́ àti ata ṣìtọ́ ni, sà."

"Padà sílé."

Mo rò pé wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ́jà. Ó ní, "Ṣé ó ní kí o má padà wá?" Mo ní rárá. Ó ní, "Má jẹ ata lọ́la nígbà náà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ." Ọjọ́ kejì n ò jẹ ata, ṣùgbọ́n mo fi ìpara sórí. Ó tún dá mi padà. Ọjọ́ kẹta, ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ tróótró ti fi lọ́fínńdà para, ó sì ti ràn mọ́ aṣọ mi. Mista Látè ní kí n lọ dúró nínú afẹ́fẹ́ títí di ọ̀sán.

Báyìí ni mo ṣe fi ata sílẹ̀, mo fi àlùbọ́sà tútù sílẹ̀, mo fi ìpara àti làálì tó ń ta sánsán sílẹ̀. Ọṣẹ tí kò ní òórùn kankan ni mo fi ń wẹ̀. Nígbà tí mo lọ́kọ, ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fara dà á fúngbà díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Sàlámátù, ó dà bí ẹni pé ògiri ni mo fẹ́. O ò rùn bí obìnrin, o ò rùn bí èèyàn." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, mo mọ̀.

Iṣẹ́ kíkọ́ náà le. Mista Látè yóò ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ìgò, yóò nà án sí mi.

"Kí nìyí?"

"Ó dùn, sà."

"Ta ló bi ẹ́ bóyá ó dùn? Àwọn tó ń ra ọjà ló máa sọ pé ó dùn. Ìwọ, òórùn kí ni?"

Bí mo bá ṣi í, kò ní na mí, kò ní bú mi. Yóò kàn da gbogbo ìgò rú, yóò ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan tí omi lé sí mi lójú, ó rí i. Ó ní, "Ẹkún máa ń dí imú. Bí o bá fẹ́ sunkún, dúró di ọjọ́ Sátidé." Mo bínú débi pé mo gbàgbé láti sunkún.

Nígbà tó yá, ó wọ̀ mí lára. Mo wá mọ epo tó sùn sínú oòrùn yàtọ̀ sí èyí tó sùn sí ibòji. Mo mọ kànáfùrù Zanzibar yàtọ̀ sí tibòmíràn. Bí mo bá wọ tróótró, mo mọ ẹni tó gbé ẹja kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, mo mọ obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, mo sì mọ ẹni tí ibà ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá mi yóò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, n óò ti ní, "Ìyá ti dé," nítorí òwú tuntun àti káńfọ̀ tó máa ń fi sáàárín ọjà rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù a máa bẹ̀rù mi. Ó ní kò sí irọ́ téèyàn lè pa fún mi.

Ìgbà yẹn dùn, n ò ní parọ́ fún yín. Ọjọ́ tí Mista Látè kọ́kọ́ fún mi ní ọṣẹ, tó ní, "Ìwọ wí. Bí o bá ní kó lọ, kó lọ," tó sì kọ ẹ̀yìn sí mi, mo lérò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ láyé. A wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa méjèèjì nínú yàrá funfun yẹn. Ó ń darúgbó, ó ń fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn náà ni Kọ́ńpìnì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà. Àwọn ọ̀gá tuntun dé láti òkè òkun, wọ́n ní ìnáwó ti pọ̀ jù. Wọ́n dá àwọn tó ń fọ ilé-iṣẹ́ látọjọ́ yìí dúró, wọ́n gba àwọn alágbàṣe tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń kó wá. Áàsìdì tí wọ́n fi ń fọ páìpù, inú ìkòkò dúdú ló máa ń wà tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn rí ibi tó ti dínwó, ó sì wá di pé inú jálá búlúù ló ń bá wá, irú jálá kan náà tí bílíìṣì tó ń fọ aṣọ funfun wà nínú rẹ̀. Mista Látè lọ sọ fún mánéjà. Mo wà níbẹ̀. Mánéjà ní, "A kọ orúkọ sí i lára." Mista Látè ní, "Ṣé àwọn tí ẹ gbà lè ka ìwé?" Mánéjà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan ni. Mo fi bébà sí imú, kí n tó mí ni nǹkan kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Mista Látè gbé orí sókè. Bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ mi, ó bi mí pé, "Sàlámátù, kí nìyí?"

Mo ní, "Bílíìṣì ni, sà, ṣùgbọ́n nǹkan wà nínú rẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Jáde. Gba ojú fèrèsé. Má mí." Òun kò gba ojú fèrèsé. Ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ páìpù ló gbà lọ, nítorí ó mọ̀ pé àwọn alágbàṣe méjì wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí nídìí. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ tó báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró béèrè.

Èéfín tó wà níbẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó ń rìn nílẹ̀ bí omi. Wọ́n ti da bílíìṣì àti áàsìdì pọ̀ sínú ọpọ́n kan náà. Mista Látè ń wọ́ ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe náà bọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ̀bínà. Mo gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a jọ gbé e dé ìta. Ọ̀fun mi ń jó bí ẹni pé wọ́n tú iná sí i. Mista Látè dúró, ó wo yíká, ó ní, "Èkejì dà?" Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó tún wọlé.

Èkejì kò sí nínú ilé. Ó ti yọ́ jáde lọ ra kókó, ẹ̀kọ mímu àwọn ará ibí, lẹ́bàá títì. A rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá kókó rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mista Látè kú sí ọsibítù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Kọ̀bínà yè. Kọ́ńpìnì gbé fọ́tò Mista Látè kọ́ sí àbáwọlé, pẹ̀lú òdòdó. Nígbà tí wọ́n kun ibẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n yọ ọ́. Àwòrán obìnrin tó ń fi eyín funfun rẹ́rìn-ín ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ikú bá ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Èmi kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde lọ́sibítù, gbogbo nǹkan ló ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó. Oúnjẹ, omi, orí ọmọ mi tó ṣì kéré nígbà náà, rọ́bà tó ń jó ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ rọ́bà náà lọ, mo sì dúpẹ́, mo rò pé mò ń san. Mo padà sí yàrá wa. Mo ṣí ìgò kànáfùrù. Mo fà á símú. Mo tún ṣí ewé tíì, mo ṣí káńfọ̀, mo ń ṣí wọn lọ láti orí pẹpẹ òkè títí dé ìsàlẹ̀. Omi ni gbogbo wọn. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ Sátidé kọ́, ṣùgbọ́n mo sunkún.

Dókítà Kọ́ńpìnì ní agbára àtigbóòórùn mi yóò padà wá. Kò padà wá. Nígbà tí mo lọ béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ mánéjà, ó ní ìka ọwọ́ wà nínú òfin, ojú wà, ẹsẹ̀ wà, ṣùgbọ́n òun kò rí òórùn níbẹ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, ara yín mà dá ṣáṣá." Kò sì parọ́. Imú mi ṣì wà lójú mi.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá láti òkè òkun, ó tóbi tó fìríìjì. Òun ni yóò máa gbóòórùn dípò èmi àti Mista Látè. Èmi, wọ́n gbé mi lọ sídìí fóònù tí àwọn oníbàárà fi ń mú ẹ̀sùn wá. Kí ẹ gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Obìnrin kan pè láti Kumasi. Ó ní, "Ọṣẹ yín ń rùn bíi kẹrosíìnì."

Mo ní, "Ẹ má bínú, a óò wò ó."

"Wò ó kẹ̀? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbóòórùn ni? Ẹ gbé e símú! Ṣé ẹ ò ní imú níbẹ̀ yẹn ni?"

Ọṣẹ náà wà lórí tábìlì mi. Mo gbé e símú lóòótọ́. Mo dúró. Mo ní, "A dúpẹ́ pé ẹ pè wá, Màmá." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà títí mo fi fẹ̀yìntì. Kí n tó fẹ̀yìntì, wọn kò tiẹ̀ ṣe ọṣẹ mọ́ níbẹ̀. Inú kọ̀ǹténà ló ń bá wá láti òkè òkun, dídì ni wọ́n ń dì í wá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ. Àbúrò mi Ṣẹ̀rífátù, tó ti di ọlọ́jà ńlá ní Okaishie, ń ta ọṣẹ náà ní páálí-páálí, orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Mo ní kó sọ bó ṣe ń rùn fún mi. Ó rò ó títí. Ó ní, "Ó ń rùn bí ọṣẹ."

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, n kì bá wá síbí. Wọ́n ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Tèmi, ohun tó bá imú mi, ìyá mi ló bá.

Ìyá wa darúgbó, àtọ̀gbẹ sì ń bá a jà. Ṣẹ̀rífátù ní ilé tó tura, ó ní yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá kọ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ mi ní Alájò lòun fẹ́. Orí mi wú. Mo rò pé èmi ló fẹ́ràn jù. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, ibùsùn rẹ̀ kò ju ọwọ́ nínà lọ sí tèmi. Nígbà ọyẹ́, ó ní òtútù ń mú òun lẹ́sẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ọyẹ́ lọ tán, kò bọ́ ọ. Ó ní òun nìkan ni yóò máa wẹ̀ fúnra òun, òun kò tíì di ọmọ ọwọ́. Mo rò pé agídí àgbà ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ṣẹ̀rífátù wá kí wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tó fi ìbòrí rẹ̀ bo imú. "Àǹtí mi, kí ló kú sínú ilé yìí?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan."

Ó wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Ó kọjá lára mi lọ bá ìyá wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ìyá ń gbá a lọ́wọ́ dà nù, ó ń ní, "Ṣẹ̀rífà, fi mí sílẹ̀, fi mí sílẹ̀." Ohun tó wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, n ò ní sọ ọ́ fún ọmọdé. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Aládùúgbò wa tó gbọ́ igbe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ gbá àyà. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbóòórùn rẹ̀. A ní bóyá eku ló kú sókè àjà. Ojú ń tì wá láti bi yín. A rò pé ẹ mọ̀."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lọ́sibítù, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọn yóò gé e. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì bá Ọlọ́run."

Mo ní, "Ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nítorí ẹ̀ ni mo fi wá sọ́dọ̀ rẹ, Sàlámátù. Ṣẹ̀rífà ì bá ti gbóòórùn mi."

Ó kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ dé ibí yìí fún àwọn ọ̀dọ́ náà, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Màmá, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pe èmi, wọ́n ní kí n wá ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n má lọ ni?"

Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó jẹ́ oògùn iṣẹ́ fún mi rí. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í kórìíra èèyàn. Ì bá sàn bí ó bá kórìíra wa, nítorí ẹni tó kórìíra ẹni á mọ orúkọ ẹni. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni pé kó lọ, nítorí ilé wọn ń wo ojú rẹ̀, èmi kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Ó ń ṣe bí ẹni pé mo ti súre fún un.

Èmi nìkan ló ń gbé yàrá yẹn báyìí. Mò ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀, mò ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, n ò sì mọ̀ bóyá ó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n tó kí i. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Imú rẹ̀ ni.